Ìyá wa ń padà sílé: ṣé kí a ná owó sórí ilé kí aṣàyẹ̀wò EPC tó dé, tàbí kí a dúró?

Àbíkẹ́yìn SE15, 3 November 2025

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìyá wa, tí wọ́n ti pé ẹni ọdún 74, ń múra láti padà sí Ìjẹ̀bú-Òde pátápátá lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì, àwa ọmọ mẹ́ta sì ti fẹnu kò pé ilé tí àwọn àti bàbá wa rà ní Peckham ní 1993 kò gbọdọ̀ wà lófìfo. Ohun tí ẹnu wa kò tíì kò lé lórí ni bóyá kí a tà á tàbí kí a gbé e fún ayálégbé. Ejẹ́ǹtì tí a pè sọ pé ọ̀nà yòówù tí a bá gbà, a ní láti kọ́kọ́ gba ìwé-ẹ̀rí EPC, ìyẹn ìwé tó ń sọ bí ilé ṣe ń jẹ iná àti gáàsì tó, tó sì ń fún un ní lẹ́tà láti A, tó dára jù, dé G, tó burú jù, nítorí pé èyí tó wà lọ́wọ́ wa, tí wọ́n ṣe ní 2014, ti kọjá ọdún mẹ́wàá tí òfin fún un. Lẹ́tà D ló gbà nígbà náà, pẹ̀lú máàkì 57.

Ilé bíríkì àtijọ́ ni, ọ̀kan nínú àwọn tó so mọ́ra wọn lójú títì, tí wọ́n kọ́ nígbà ayé Ọbabìnrin Victoria. Bàbá wa, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, fi ọwọ́ ara wọn tẹ́ òwú insulation, èyí tó ń dá ooru dúró nínú ilé, sórí àjà, wọ́n sì kan pákó lé e kí ìyá wa lè rí ibi kó àpótí sí. Kò sí rìsíìtì, kò sí fọ́tò. Aṣàyẹ̀wò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé yóò ka òwú tí kò lè fojú rí? Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ kí a pààrọ̀ gbogbo fèrèsé iwájú kí ọkùnrin náà tó dé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ní kí a di owó wa mú. Ìyá wa ní tiwọn kò sùn dáadáa, nítorí wọ́n gbọ́ pé àlejò yóò wọ gbogbo yàrá, títí kan yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù ìrìn-àjò wọn sí.

Onílé Lewisham, 3 November 2025

Ẹ kú ìmúra, àbúrò, ẹ sì bá mi kí Màmá. Mo ní ilé méjì tí ayálégbé ń gbé, mo sì ti la ọ̀nà yìí kọjá lẹ́ẹ̀mẹta. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ná kọ́bọ̀ kan kí àyẹ̀wò tó wáyé. Láti ọjọ́ 1 April 2018 ni òfin ti sọ ní England àti Wales pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ayálégbé tuntun sínú ilé tí lẹ́tà rẹ̀ bá relẹ̀ ju E lọ, nígbà tó sì di ọjọ́ 1 April 2020, òfin náà dé orí àwọn ayálégbé tó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀ pàápàá. Owó ìtanràn lè tó 5,000 pọ́n-ùn. Bí ilé bá jẹ́ F tàbí G, onílé ní láti ná owó tó tó 3,500 pọ́n-ùn, VAT wà nínú rẹ̀, láti gbé e dé E. Bí ó bá ná an tán tí kò sì dé ibẹ̀, ó lè forúkọ ilé náà sílẹ̀ fún ìdásílẹ̀ ọdún márùn-ún.

D ni tiyín jẹ́ ní 2014, D náà ni yóò sì jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ fọkàn balẹ̀.

Akọ̀wé Ejẹ́ǹtì, 4 November 2025

Mo fẹ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀, nítorí òfin tí ẹ̀gbọ́n Lewisham kà sílẹ̀ kò kan ẹni tó fẹ́ tà. Kò sí lẹ́tà tó kéré jù fún ilé títà, a máa ń ta ilé G. Ohun tí òfin béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà ni pé kí ó ti ránṣẹ́ pe aṣàyẹ̀wò kí wọ́n tó polówó ilé náà, kí ó sì sa gbogbo ipá rẹ̀ kí ìwé náà lè jáde láàárín ọjọ́ méje. Bí ọjọ́ méje bá kọjá tí kò jáde, ọjọ́ 21 ló kù. Ẹni tí kò bá ní ìwé rárá lè san 200 pọ́n-ùn ìtanràn, lẹ́tà náà sì gbọ́dọ̀ hàn nínú ìpolówó.

Kí ẹ tó san owó fún ẹnikẹ́ni, ẹ lọ sí ojúewé GOV.UK tí wọ́n ń wá ìwé-ẹ̀rí sí, ẹ tẹ postcode ilé yín síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè wò ó, kò sì gba owó. Ẹ óò rí ìwé ti 2014 náà níbẹ̀, àti ohun tí aṣàyẹ̀wò ìgbà náà kọ nípa àjà. Ẹ tún lè wo ìwé àwọn ilé tó tẹ̀lé tiyín lójú títì kan náà, nítorí ilé tí wọ́n kọ́ pọ̀ sábà máa ń jọra nínú ìwé, ìyẹn yóò sì jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí tiyín lè bọ́ sí.

Nípa ti fèrèsé, bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, lọ́yà ẹni tó bá fẹ́ ra ilé yóò béèrè ìwé FENSA tàbí ìwé káńsù, ìyẹn ẹ̀rí pé wọ́n fi fèrèsé náà sí bí òfin ṣe wí. Iṣẹ́ ìkánjú tí kò ní ìwé a máa dá ilé títà dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Bàbá Ìbejì Luton, 4 November 2025

Kí ló dé tí ẹ ń da ara yín láàmú? Ọkùnrin kan wà tí ń gba 35 pọ́n-ùn péré. Ẹ óò ya fọ́tò ilé, ẹ óò fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, kí ilẹ̀ tó ṣú ìwé ti dé. Ó ṣe ti ọ̀rẹ́ mi, ó sì fún un ní C. Màmá kò ní gba àlejò kankan sínú yàrá wọn.

Aṣàyẹ̀wò Ilé, 4 November 2025

Ẹ̀gbọ́n wa ní Luton, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi sọ ọ́: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe darí ẹnikẹ́ni sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn. Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe jẹun. Ilé tí ẹnìkan ti ń gbé gbọ́dọ̀ rí ẹsẹ̀ aṣàyẹ̀wò fúnra rẹ̀, a sì ní láti tọ́jú fọ́tò tí àwa fúnra wa yà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, nítorí àjọ tó fún wa níwèé àṣẹ máa ń mú iṣẹ́ wa kan níbí, òmíràn lọ́hùn-ún, láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá rí i pé a kò dé ilé náà, wọ́n lè fagi lé ìwé yẹn, onílé tó ti gba ayálégbé sínú ilé lórí ìwé bẹ́ẹ̀ ni ìyọnu yóò sì dì mọ́ lọ́rùn. Láàárín 60 sí 120 pọ́n-ùn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbà ní London, ó sinmi lórí bí ilé ṣe tóbi tó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ náà, kí ọkàn Màmá lè balẹ̀. Yóò tó wákàtí kan, bóyá kí ó lé díẹ̀. Aṣàyẹ̀wò yóò kọ́kọ́ dúró níta, yóò wo bí bíríkì ṣe tò. Bí wọ́n bá to bíríkì gígùn kan, orí kúkurú kan, gígùn kan, orí kúkurú kan, a jẹ́ pé ògiri náà dì pọ̀, kò ní àlàfo láàárín. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ gígùn, ó ṣeé ṣe kí àlàfo wà. Yóò wọn bí ògiri ṣe nípọn tó lẹ́nu ọ̀nà tàbí létí fèrèsé. Yóò wọn ilẹ̀ ilé lókè àti nísàlẹ̀, yóò wo bọ́ílà, yóò kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, yóò wo àwọn ohun tí wọ́n fi ń dín ooru kù lára rédíétọ̀, yóò wo táǹkì omi gbígbóná bí ó bá wà, àti ààrò àtijọ́ tí òpó èéfín rẹ̀ ṣì ṣí. Yóò ka gílóòbù. Kì í ṣí àpótí, kò sì bìkítà bóyá ibùsùn wà ní títẹ́ tàbí kò sí. Láti June 2025, nígbà tí ọ̀nà ìṣirò tuntun bẹ̀rẹ̀, a ní láti wọn fèrèsé kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí a fi ń wọ gbogbo yàrá.

Ìyípadà ọ̀nà ìṣirò yẹn náà ló mú kí n tako ohun tí ẹ̀gbọ́n Lewisham sọ. Ilé tó jẹ́ D ní 2014 lè má jẹ́ D lónìí, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀. D bẹ̀rẹ̀ láti 55 dé 68, E láti 39 dé 54. Ilé tó wà ní 57 wà létí bèbè.

Nísinsìnyí, òwú Bàbá. Ohun tí a bá rí, tí a sì wọ̀n, ni a ń kọ. Bí a kò bá rí i, tí kò sì sí ìwé, ẹ̀rọ tí a fi ń ṣírò máàkì yóò fi ọjọ́ orí ilé dípò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fún ilé ayé Victoria, ohun tí ẹ̀rọ máa ń rò kò dára rárá. Ìwé 2014 fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí fún wa. Ọ̀rọ̀ ẹnu onílé pẹ̀lú kì í ṣe ẹ̀rí, bí ó ti wù kí a gbà á gbọ́ tó. Nítorí náà, ẹ yọ pákó kan tàbí méjì kí ọjọ́ náà tó pé, kì í ṣe èyí tó wà lẹ́nu ihò àjà nìkan, ẹ yọ ọ̀kan láàárín pẹ̀lú, kí ó lè fi rúlà kan ìsàlẹ̀. Ẹ kó àpótí kúrò lọ́nà. Iṣẹ́ tí aṣàyẹ̀wò kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ó máa tú ilé onílé.

Ohun kan kù tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Máàkì náà kò dá lórí owó iná tí Màmá ń san. Ó dá lórí iye tí ẹ̀rọ ṣírò pé ìdílé kan yóò ná láti mú irú ilé bẹ́ẹ̀ gbóná, láti gbé omi rẹ̀ kaná àti láti tan iná rẹ̀. Màmá lè máa wọ súwẹ́tà mẹ́ta kí wọ́n sì pa bọ́ílà láti àárọ̀ dé alẹ́, kò ní fi ẹyọ máàkì kan kún un.

Bàbá Ìbejì Luton, 4 November 2025

Mo ti gbọ́, mo sì dúpẹ́. N óò kìlọ̀ fún ọ̀rẹ́ mi lálẹ́ yìí, nítorí ayálégbé ti wà nínú ilé náà.

Mọlémọlé, 5 November 2025

Ọdún kejìlá mi rèé tí mo ti ń tún ilé ṣe ní ìlà-oòrùn àti gúúsù London. Mo fara mọ́ ọn pé kí ẹ má pààrọ̀ fèrèsé báyìí. Nínú gbogbo ilé tí mo ti ṣiṣẹ́, fèrèsé ló ń gba owó jù, òun náà ló sì ń mú máàkì tó kéré wá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn àdúgbò kan wà ní Peckham tí káńsù Southwark ń dáàbò bo ojú àtijọ́ wọn, ẹ ó sì ní láti béèrè kí ẹ tó fọwọ́ kan iwájú ilé.

Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ “ẹ má ná kọ́bọ̀ kan.” Àwọn ohun kan wà tí kò ju iṣẹ́ ọ̀sán kan lọ. Ẹ fi gílóòbù LED sí gbogbo ibi tí ti àtijọ́ bá kù sí. Bí táǹkì omi gbígbóná bá wà ní ìhòòhò nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ ra aṣọ rẹ̀ tó nípọn tó 80 mílímítà, ẹ wé e mọ́ ọn. Owó rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ti àjà, 270 mílímítà ni wọ́n ń dámọ̀ràn lónìí. Òwú tí wọ́n tẹ́ nígbà náà sábà máa ń tó 100, bó bá sì jẹ́ pé Bàbá kan pákó mọ́ igi àjà gan-an, kò sí ààyè fún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ipá ki òwú tuntun sábẹ́ pákó, nítorí afẹ́fẹ́ tó há sínú òwú ló ń dá ooru dúró. Òwú tí a bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń gbé pákó lé, tí pákó yóò fi ga sókè kúrò lórí òwú. Ẹ sì fi ààyè sílẹ̀ létí òrùlé kí atẹ́gùn lè máa wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ igi òrùlé yóò máa làágùn nígbà òtútù.

Bí ìwé náà bá dámọ̀ràn pé kí ẹ fi insulation sí ara ògiri, ẹ fara balẹ̀. Ìròyìn tí National Audit Office, àjọ tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò, gbé jáde ní October 2025 sọ pé ìdá 98 nínú 100 àwọn ilé tí wọ́n lẹ insulation mọ́ ògiri ìta wọn lábẹ́ àwọn ètò ìjọba tó ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà ló ní àbùkù tó yẹ kí wọ́n tún ṣe. Èmi fúnra mi ti ṣí ògiri yàrá ọmọdé kan nínú ilé bíríkì bíi tiyín, níbi tí iléeṣẹ́ kan ti lẹ ẹ́ láti inú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti bu, ó dúdú láti ilẹ̀ dé ìdajì ògiri, omi sì ń jáde bí mo ṣe fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Gọ́tà tó ń jò níta ni wọn kò tún ṣe kí wọ́n tó bo ògiri. Ọmọ náà ti ń wúkọ́ láti ìgbà òjò.

Ìyá Leeds, 5 November 2025

Mo bá yín dá sí i nítorí àwọn tó ní fúláàtì lè máa ka èyí. Fúláàtì mi kò ní gáàsì, rédíétọ̀ iná lásán ni ẹni tó tà á fún mi fi sára ògiri, tuntun ni wọ́n, wọ́n sì dára lójú. F ni wọ́n fún mi, máàkì 36. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, nítorí ayálégbé ti san owó ìdúró. Aṣàyẹ̀wò ṣàlàyé fún mi pé owó ni ìṣirò náà ń wò, iná mànàmáná sì wọ́n ju gáàsì lọ fíìfíì. Mo yọ wọ́n, mo fi irú èyí tó ń fa iná lóru nígbà tí owó rẹ̀ bá wálẹ̀, tó sì ń tú ooru jáde lọ́sàn-án sí i, mo sì fún mítà ní ètò owó oru. Nígbà tí wọ́n tún wò ó, ó di D. Nítorí náà, bí bọ́ílà Màmá bá ti gbó, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi rédíétọ̀ iná kéékèèké rọ́pò rẹ̀ nítorí pé kò gbówó lórí.

Onílé Lewisham, 6 November 2025

Mo gba àtúnṣe Aṣàyẹ̀wò Ilé, n kò mọ̀ pé ọ̀nà ìṣirò ti yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo iwájú. Ní February 2025 ìjọba gbé àbá jáde pé kí ilé ayálégbé tuntun di C láti 2028, kí gbogbo rẹ̀ sì di C ní 2030. C bẹ̀rẹ̀ láti 69. Láti 57 dé 69 jìnnà fún ilé tí ògiri rẹ̀ dì pọ̀. Bí ó bá jẹ́ èmi, n óò tà á.

Akọ̀wé Ejẹ́ǹtì, 6 November 2025

Ẹ̀gbọ́n, àbá kì í ṣe òfin. Irú àbá C yìí wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2025. Mo rí àwọn onílé tó fi ìbẹ̀rù tà ní owó pọ́ọ́kú nítorí rẹ̀, nígbà tó sì di September 2023, ìjọba ìgbà náà fagi lé e. Kí wọ́n fi àbá náà sọ́kàn, kí wọ́n má fi ṣe ìdí pàtàkì. Owó ilé tí Màmá yóò máa gbà lóṣooṣù ní Ìjẹ̀bú-Òde, àti ẹni tí yóò máa dá ayálégbé lóhùn nígbà tí bọ́ílà bá kú lóru, ni kí àwọn ọmọ náà jókòó lé lórí.

Ọmọ Yorùbá Glasgow, 6 November 2025

Fún àwọn tó wà ní Scotland: tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń tà gbọ́dọ̀ ní Home Report, ìyẹn ìwé àyẹ̀wò ilé fún ẹni tó fẹ́ rà á, EPC sì wà nínú rẹ̀. A tún ní láti lẹ ìwé náà mọ́ inú ilé níbi tó hàn, ẹ̀gbẹ́ bọ́ílà tàbí mítà ni ọ̀pọ̀ ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Òfin lẹ́tà E tí ẹ ń sọ kò kan onílé ayálégbé níhìn-ín.

Àbíkẹ́yìn SE15, 14 November 2025

Ẹ̀yin ará mi, ẹ ṣé gan-an ni, àánú á ṣàánú fún yín. Àyẹ̀wò ti parí lánàá.

Ní Sátidé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gun àjà lọ. A kó àpótí mọ́kànlá sọ̀kalẹ̀, a yọ pákó mẹ́ta, ọ̀kan lẹ́nu ihò, méjì láàárín. Òwú náà wà níbẹ̀, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì kún àlàfo igi dáadáa. Lára igi àjà tó wà lábẹ́ pákó kejì ni a ti rí ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá wa tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ: “4 inches, October 1998.” Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó sì ń fi àtàǹpàkò nu eruku orí rẹ̀.

Aṣàyẹ̀wò tó wá jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin oníwàpẹ̀lẹ́, ó sì bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kí a tó sọ fún un, ìyẹn nìkan ti tu ìyá wa lára. Ó ki rúlà bọ òwú níbi mẹ́ta, 100 mílímítà, ó ya fọ́tò rúlà náà. Mo fi ìkọ̀wé bàbá wa hàn án. Ó kà á, ó ní ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n rúlà ni òun yóò fi ránṣẹ́. A ti fi gílóòbù LED sí gbogbo ibi tó yẹ, a sì ti wé aṣọ mọ́ táǹkì omi gbígbóná, ó sì kọ méjèèjì sílẹ̀. Máàkì 60 ni ìwé náà gbé wá ní òwúrọ̀ òní, lẹ́tà D.

A ti pinnu láti gbé e fún ayálégbé fún ọdún méjì ná, kí ìyá wa lè mọ̀ bóyá Ìjẹ̀bú-Òde bá wọn lára mu kí ilé tó bọ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó wà ní Croydon, ni yóò máa dá ayálégbé lóhùn. A kò ní fọwọ́ kan fèrèsé, a kò sì ní fọwọ́ kan ògiri. A ti bá káfíńtà sọ̀rọ̀ pé kí ó tẹ́ òwú àjà dé 270 lọ́sẹ̀ kẹta oṣù yìí, kí ó gbé pákó lé ẹsẹ̀ bí Mọlémọlé ṣe wí, kí ó ya fọ́tò, kí ó sì fún wa ní rìsíìtì tó ní àdírẹ́sì ilé nínú. Ìyá wa ní kí a bẹ káfíńtà náà kí ó má ṣe kan ohunkóhun lé ibi tí bàbá wa kọ̀wé sí.